Òjá Ìjàkadì Àwọn Ìyá Ìlobì

Ẹ jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú yín. Dàpọ̀, ìwọ náà jókòó. Mo mọ̀ pé o ní ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì kò ní sá kúrò níbi tó wà. Èmi tí mo bí ọ ni mo ní kí o jókòó, kí o gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ rẹ. Títí, nu ojú rẹ. Ẹni tó fẹ́ jà kì í sunkún lọ sójú ìjà.

Gbogbo ilé ti gbọ́ ariwo òwúrọ̀ yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ Títí ní Ìlaró mú un pé kó lọ bá wọn ja ìjàkadì ní Abẹ́òkúta, ọ̀la ni mọ́tò wọn máa gbéra, bàbá rẹ̀ sì ní kò ní lọ. Ó ní ọmọbìnrin kì í jàkadì. Ó ní ta ni yóò fẹ́ ẹ sílé. Ó ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àfìgbà tó ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìdílé yìí ni mo dìde lórí ẹní. Nínú ìdílé ta ni? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ jẹ́ kí n tú àkísà tèmi fún yín lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka kan fóònù tí gbogbo ayé ń yọjú sí yín, ẹ ò lè mọ wàhálà tí à ń ṣe kí a tó rí àwòrán. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò wa ní Ìlobì, ti Bàbá Ráfíù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó tóbi bí àpótí aṣọ, ó sì ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ tí wọ́n máa ń tì bí a bá wò ó tán. Kò sí iná ìjọba, bátìrì mọ́tò là ń lò. Bàbá Ráfíù á dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, á gbé e lọ sí Ìlaró kí wọ́n fi iná kún un, á sì máa rọra wà á bọ̀ bí ẹni tó gbé aboyún. Eríálì rẹ̀ wà lórí ọparun tó ga ju òrùlé lọ. Kùtọnu ló kọjú sí, kò kọjú sí Èkó. Kùtọnu sún mọ́ wa ju Èkó lọ nígbà náà, ní ti ọ̀nà àti ní ti afẹ́fẹ́.

Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ báyìí, ojú tẹlifíṣọ̀n á kún fún òjò, a ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju ṣíììì lọ. Bàbá Ráfíù á sáré jáde, á di ọparun mú, á máa yí i díẹ̀díẹ̀. Àwa á máa kígbe láti inú ilé, "Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀! Ó ti dé! Yéè, ó tún ti lọ!" Ẹ gbọ́, ọkùnrin yẹn ló ni tẹlifíṣọ̀n, kò sì fojú rí ìjà kan dópin. Ìta ló máa ń wà. Nígbà tó yá, igbe ẹnu wa ló fi ń mọ ẹni tó ń borí, á sì máa bá wa bú ẹni tó ṣe màgòmágó láti ìdí ọparun níbẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà ni mò ń sọ. Kì í ṣe èyí tí wọ́n tì lẹ́nu àìpẹ́ yìí tí gbogbo yín ń pariwo ìrẹsì. Ti ayé àwọn ṣọ́jà ni. Kí wọ́n tó tì í, ọjà Ìpóbẹ́ ní òdìkejì là ń ná. À ń gbé gaàrí lọ, à ń gbé aṣọ àti ṣúgà bọ̀, a sì ń yà kí àwọn ará wa, nítorí ará wa ni wọ́n. Àwọn tó fa ìlà sí àárín wa kò bèèrè lọ́wọ́ wa tí wọ́n fi sọ ẹ̀gbọ́n di ará Nàìjíríà, tí wọ́n sọ àbúrò di ará ìlú Faransé. Àfi bí a ṣe jí lọ́jọ́ kan tí ṣọ́jà ti dúró lọ́nà Ọjà-Ọ̀dàn pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá mọ́. Gaàrí kún ilé, kò rí ẹni rà á. Àwọn obìnrin tí ẹsẹ̀ wọn kì í gbélé wá di ẹni tó ń jókòó wo adìyẹ. Ẹ má sì gbàgbé pé obìnrin tó le ni wá o. Àpò gaàrí là ń gbé rù láti kékeré. Agbára kún ara wa, kò sí ibi tí a máa ná an sí, inú sì ń bí wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilẹ̀ ni wọ́n rí tì. Ṣọ́jà wo ló lè dá àwòrán padà ní Ọjà-Ọ̀dàn? Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Kùtọnu á kọjá lórí wọn, á wọ pálọ̀ Bàbá Ráfíù, kò sì ní fi ìwé han ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ la ti rí àwọn obìnrin oníjàkadì. Òyìnbó ni wọ́n. Ọ̀kan ga, irun rẹ̀ dúdú. Èkejì kúrú, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Wọ́n á gbé ara wọn sókè, wọ́n á la ara wọn mọ́lẹ̀, gbì! Wọ́n á gun orí okùn, wọ́n á fò lu ara wọn. Obìnrin! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo dì mọ́ àga. A ti ń rí ọkùnrin tó ń jàkadì láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń jà níwájú èrò, tí èrò ń pàtẹ́wọ́ fún un, tí ẹnikẹ́ni kò ní kó lọ dáná, a ò rí i rí. Mo lọ sílé, mi ò lè sùn.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, Faransé ló ń sọ, ó sì ń sáré sọ ọ́. Nínú gbogbo wa, ẹnì kan ṣoṣo là ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Ìpóbẹ́. Ìpóbẹ́ ni wọ́n ti bí i, Ìlobì ló lọ́kọ sí. Bọ́dà tí wọ́n tì yìí ti há a mọ́ ọ̀dọ̀ wa, ìyá rẹ̀ sì wà lọ́hùn-ún. Obìnrin gbọ̀ǹgbọ̀nràn ni, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ọpọ́n. A bi í pé kí ni wọ́n ń bára wọn jà sí. Ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Èyí tó ga un, ìyálé ni. Èyí kúkurú yìí, ìyàwó ni."

A ní, "Háà! Ọkọ wọn wá ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ ò rí ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì abilà tó ń sá yí wọn ká ni? Ọkọ wọn nìyẹn. Kò lè là wọ́n, ilẹ̀ ló kàn ń lù. Iye ìgbà tó ti kìlọ̀ fún wọn ló ń kà."

Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ẹni tó jiyàn. Gbogbo wa ló mọ irú ọkọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ìlobì ti pín sí méjì. Àwọn ìyálé ń ṣe ti Ìyálé, àwa ìyàwó ń ṣe ti Ìyàwó. Ní ọjọ́ Sátidé kan, Ìyàwó fa irun Ìyálé nígbà tí ọkọ wọn kẹ̀yìn, ó sì fi dá a mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìyálé tèmi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò fọwọ́ kan ọbẹ̀ tí mo sè. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyàwó, ìwà kan náà lẹ jọ ní."

Mo ní, "Ìyá mi, èmi kọ́ ni mo fa irun o."

Ó ní, "O pàtẹ́wọ́."

Òótọ́ ni. Mo pàtẹ́wọ́. Ó di ọjọ́ kẹta kó tó jẹ oúnjẹ mi, bàbá Dàpọ̀ sì ń rìn láàárín wa bí rẹfirí, kò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ bẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní Faransé ní ilé-ìwé gíga yà bá wa wò ó. Ó gbọ́ bí Ìyá Ìpóbẹ́ ti ń túmọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn obìnrin yẹn kì í ṣe orogún. Ó ní iṣẹ́ wọn ni. Ó tún ní kí wọ́n tó jáde rárá ni wọ́n ti máa ń bára wọn sọ ọ́, ẹni tó máa ṣubú àti ẹni tó máa borí. Ìyálé mi ló kọ́kọ́ yíjú sí Ìyá Ìpóbẹ́. "Ṣé irọ́ lo wá ń pa fún wa láti ọjọ́ yìí?"

Ìyá Ìpóbẹ́ kò gbọn rárá. Ó ní, "Ṣé ẹ bi mí bóyá mo gbọ́ Faransé? Àwa tí a ń ta gaàrí ní Ìpóbẹ́, ibo la ti fẹ́ gbọ́ Faransé? Ohun tí obìnrin máa ń jà sí lẹ bi mí, mo sì sọ fún yín."

A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin gbọ́ ọ, kò sì tán lẹ́nu wọn mọ́. Níbi tí wọ́n ti ń ta ayò, wọ́n á ní, "Ẹ wá wo àwọn oníjà irọ́!" Bí a bá ń kọjá, wọ́n á ṣubú lé ara wọn, wọ́n á máa ké yéè bí obìnrin. Wọ́n ní ìjà obìnrin, irọ́ ni, láti Kùtọnu títí dé Ìlobì. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ń jó, wọn kò mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni? Ọkùnrin á so ọmú igi mọ́ àyà, á di ìdí rẹ̀ kó tóbi, á gbé igi gbígbẹ́ lérí, á sì jó láti fi yẹ́ àwọn ìyá sí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọkọ lágbájá ni, a ṣì máa ń kí i, a ò sì pè é ní irọ́. Bí ọkùnrin bá ṣe bí obìnrin, ó di àṣà. Bí obìnrin bá ṣe bí ó ti rí gan-an, ó di ẹ̀rín.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ní ẹbu gaàrí, níbi tí gbogbo wa ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí àwa náà jà, kí wọ́n wá wò ó bóyá irọ́ ni."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ pọ̀ níbẹ̀ bí òkìtì, a tẹ́ ẹ, a da iyanrìn lé e. A ri òpó mẹ́rin, a fi okùn tí a fi ń so àpò gaàrí yí i ká. Ẹ ò gbọ́ òórùn ibẹ̀ rí, òórùn ẹ̀gẹ́ tó kan tó dàpọ̀ mọ́ èéfín agbada. Títí di òní, tí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan gaàrí, apá mi á máa yún mi. A fi Bàbá Ráfíù ṣe rẹfirí, kí òun náà lè fojú ara rẹ̀ rí ìjà nígbà kan láyé rẹ̀. Ó lọ yá bùbá abilà. Bí ẹ̀yìn ẹnì kan bá kan ilẹ̀, á fọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìjà parí. Àwọn ará Kùtọnu ní bẹ́líìtì tó ń dán. Àwa kò ní. Mo tú òjá tí mo fi pọn Dàpọ̀, mo gbé ọmọ fún ìyálé mi, mo ní, "Bẹ́líìtì wa nìyí." Ẹni tí òjá bá wà nídìí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fún ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, nítorí ẹ̀rọ ìfúngaàrí kan ṣoṣo la ní, ìjà ló sì ti máa ń dá sílẹ̀ lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìní òfin.

Dàpọ̀, má wo ilẹ̀. Òjá tìrẹ ni. O tiẹ̀ tọ̀ sí i lọ́jọ́ yẹn.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí wa pé kí a dáwọ́ dúró, pé obìnrin kì í ṣí itan lójú ọjà. A ní kí ìránṣẹ́ bá wa sọ fún un pé ṣòkòtò ọkọ wa la wọ̀ sábẹ́ ìró, àti pé nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá bọ́ ọmú igi sílẹ̀, àwa náà á dáwọ́ dúró. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí èrò tó dé, àga Baálẹ̀ ti wà níwájú.

Ìjà tó wà lẹ́nu gbogbo ayé ni tèmi pẹ̀lú Ìyá Ìpóbẹ́. Òun ni òjá wà nídìí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó tíì dá a. Àwọn ọkùnrin ní, "Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n ti bára wọn sọ ọ́. Ẹ wá wo tíátà." Wọ́n wá, wọ́n kún bí ọjọ́ ìkórè. Nígbà tí a di ara wa mú, ọ̀rẹ́ mi sọ sí mi létí pé, "Ṣé kí n rọra?"

Mo ní, "Bí o bá rọra, mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé."

Ó pẹ́ kó tó rí mi gbé. Mo ti ẹsẹ̀ bọ àárín tirẹ̀, mo dì mọ́ ọn bí okùn. Mo gbọ́ ohùn ìyálé mi láàárín èrò, òun tí kò jẹ ọbẹ̀ mi nítorí irun òyìnbó. Ó gbé Dàpọ̀ lé èjìká, ó ń kígbe, "Ìyàwó mi, má gbà o! Má gbà fún un!" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni Ìyá Ìpóbẹ́ ti rí àyè. Ó gbé mi kúrò nílẹ̀. Mo rí òfuurufú, mo rí orí ọparun eríálì Bàbá Ráfíù lókèèrè, mo sì rí ilẹ̀. Ẹ wo àyè eyín yìí. Ẹ rò pé ogbó ló mú un lọ, àbí? Òpó ẹbu gaàrí ló mú un. Bàbá Ráfíù lu ilẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

Ìyá Ìpóbẹ́ bú sẹ́kún, ó gbá mi mọ́ra, ó ń fi òjá náà nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi. Èmi ò sunkún. Mo dìde, mo rìn tọ àwọn ọkùnrin lọ níbi tí wọ́n tò sí, mo la ẹnu sí wọn tòun tẹ̀jẹ̀. Mo ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé irọ́ nìyí?" Bàbá Dàpọ̀ ló bọ́ fìlà rẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ̀rọ̀ irọ́ sí obìnrin létí ní Ìlobì mọ́. Ìjà ò dọlà lóòótọ́. Ọlà wo ni àwọn ṣọ́jà fi sílẹ̀ fún wa nígbà náà tí a ò bá fi gba orúkọ?

Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, ọjà bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù gbé ẹrù rẹ̀, koríko hù sójú ìjà wa. Ìyá Ìpóbẹ́ lọ wo ìyá rẹ̀, ara ìyá náà kò sì yá, kò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Kó tó lọ, ó tú òjá nídìí, ó gbé e fún mi. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀bùn o. Ẹni tó bá dá mi ló ni ín. Bá mi dúró lórí rẹ̀." Ibẹ̀ ló kú sí. Mo sunkún rẹ̀ ju bí mo ti sunkún àwọn tó bí mi lọ. Kò sí ẹni tó dá a.

Títí fi àwọn obìnrin oníjàkadì òde òní hàn mí lórí fóònù. Aṣọ wọn ń kọ mànà, iná ń bù yẹ̀rì lẹ́yìn wọn. Mo bi í pé èwo ni ìyálé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, àwọn méjèèjì ni." Èsì yẹn dùn mọ́ mi. Ohun kan ló bí mi nínú, pé yàrá ni ó ti ń wò ó, lóun nìkan, pẹ̀lú nǹkan létí. Tiwa, bí ẹnì kan bá ṣubú ní Kùtọnu, gbogbo Ìlobì ló ń ké.

Ó yá. Ẹ bá mi ṣí àpótí yẹn, ẹ mú aṣọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Òun nìyẹn. Ẹ gbé àwọn àga kúrò láàárín ilé. Títí, dìde, bọ́ bàtà rẹ. Mo ní kí o bọ́ ọ. Òjá yìí kì í ṣe ẹ̀bùn. Bàbá rẹ kò lè fi dù ọ́, èmi náà kò sì lè fi ta ọ́ lọ́rẹ. Èmi ni mo dúró fún ọ̀rẹ́ mi. Bí o bá dá mi, o gbà á. Mo ti dì í mọ́dìí báyìí, ẹ bá mi fún un kó le. Wá.

Kí lò ń bẹ̀rù? Mo ní kí o wá!

Dàpọ̀, fi apá mi sílẹ̀. Kí ni? Mo máa ṣubú? Mo ti ṣubú rí lójú Baálẹ̀ àti gbogbo ìlú, mo sì dìde. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Bóyá kí o tẹjú mọ́ ìpàdé rẹ, kí o fi obìnrin méjì sílẹ̀ kí wọ́n jà. Títí, di ọrùn ọwọ́ mi mú. Báyìí kọ́. Báyìí.

Ta ló ń sọ̀rọ̀? Dàpọ̀, ìwọ ni? Mi ò gbọ́, sọ ọ́ sókè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kó máa lọ." Kó máa lọ sí ibo? Dárúkọ rẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ gbọ́. Abẹ́òkúta. Láti lọ ṣe kí ni? Ẹn-hẹn. Ìjàkadì.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ. Bàbá yín ti dọ̀bálẹ̀, mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn ló yẹ kó kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n àyà náà ò burú. Ẹ bá mi lu ilẹ̀: ọ̀kan! Èjì! Ẹ̀ta!

Dìde, ọmọ mi, gbọn eruku aṣọ rẹ nù, kí o máa lọ sí ìpàdé. Títí, lọ di ẹrù rẹ. Òjá ṣì wà nídìí mi o. Bí o bá ti Abẹ́òkúta dé, wá gbà á, bí o bá lè.